Bátìrì ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tó wà nípamọ́: ìbéèrè tí kì í tán nílẹ̀ àti ìdáhùn wọn

Ẹni tó ní ọkọ̀ tí kì í jáde lójoojúmọ́ ló máa ń béèrè ìwọ̀nyí, léraléra. A to èyí tó rọrùn síwájú, èyí tó ń fa orí fífọ́ sì wà lẹ́yìn.

Mo pa ọkọ̀ mi tì, mi ò fọwọ́ kàn án. Kí ló wá ń jẹ iná inú bátìrì?

Ohun méjì ni. Èkínní ni bátìrì fúnra rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀, tí wáyà kankan ò kàn án, iná inú rẹ̀ á ṣì máa dín díẹ̀díẹ̀. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná tó ni yóò ṣe tètè dín tó.

Ìkejì ló burú jù: ọkọ̀ tí a ti pa kò sùn tán. Álààmù ń ṣọ́lé, ìlẹ̀kùn ń retí kọ́kọ́rọ́, aago ń ṣiṣẹ́, trákà ń wá sátẹ́láìtì. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n ń fà lè tó 50mA (mílíámpíà 50, ìyẹn ìdá kan nínú ogún ámpíà), ọ̀pọ̀ rewáyà ò sì ní ka ìyẹn sí àrùn. Ẹ ṣírò rẹ̀: 50mA fún wákàtí 24 jẹ́ 1.2Ah (ámpíà-wákàtí) lójúmọ́. Bátìrì 60Ah á ti fà dé ìdajì ní ọjọ́ 25, á sì gbẹ ní ọjọ́ 50. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ọjọ́ mélòó ni mo lè fi í sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú?

Tí bátìrì bá dára tó sì kún, ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe nǹkan. Tó bá fẹ́ tó oṣù kan, ẹ so ṣájà mọ́ ọn. Tó bá máa ju oṣù kan lọ, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀: yálà ṣájà wà lára rẹ̀ tàbí kí ẹ tú orí nẹ́gẹ́tífù. Ẹni tó fi trákà kún ti ọkọ̀, tàbí tí bátìrì rẹ̀ ti lò ju ọdún mẹ́rin lọ, kó gé ọjọ́ wọ̀nyí sí ìdajì.

Bó bá kú, ṣé kò ní jí tí mo bá fi iná sí i?

Ó lè jí, àmọ́ kì í jí pẹ̀lú gbogbo agbára tó ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bátìrì olójé bá ń lo iná rẹ̀, iyọ̀ kan máa ń hù sára àwọn àwo òjé inú rẹ̀. Tí ẹ bá tètè fi iná padà sí i, iyọ̀ náà á yọ́ padà sínú ásíìdì. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní òfìfo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyọ̀ yìí á le, á di kókó, kò sì ní yọ́ mọ́. Gbogbo ibi tó bá bò lára àwo ti di òkú ibi.

Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó ti kú lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta fi máa ń kún kíákíá lórí ṣájà, tó sì tún máa ń tán kíákíá. Àyè tó ń gba iná ti kéré ni. Gaston Planté ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ lọ́dún 1859, àìsàn kan náà yìí ló sì ṣì ń pa á títí dòní. Kì í ṣe àìrìn ọkọ̀ ló ń ba bátìrì jẹ́. Àìkún rẹ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ bó ti kún tó?

Mítà kékeré tó ń ka fóltì ti tó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ti wà ní pípa fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, kí ṣájà má sì sí lára rẹ̀, torí fóltì tí ẹ bá kà lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ṣájà máa ń parọ́. 12.6 sí 12.7 ni bátìrì ọlọ́mi tó kún. AGM, ìyẹn bátìrì olójé tí ásíìdì rẹ̀ fà sínú òwú gíláàsì dípò kó máa ṣàn, máa ń lọ sókè díẹ̀, bíi 12.8 tàbí 12.9. Ní 12.4, ìdá mẹ́rin kan ti lọ. Ní 12.2, ó ti dé ìdajì. Tó bá ti di 12.0, ìdá mẹ́rin kan péré ló kù níbẹ̀, ẹ sì ti pẹ́ jù.

Fún ọkọ̀ tó wà nípamọ́, 12.4 ni ààlà tèmi. Tó bá ti kan ibẹ̀, iná gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà.

Ṣé kí n máa tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìmọ̀ràn yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Lóòótọ́, iná tí stáátà ń fà kì í pẹ́, nítorí náà òun gan-an kọ́ ni ẹ̀sùn mi. Ẹ̀sùn mi ni pé bátìrì kì í gba iná bí agbè ṣe ń gba omi. Bó bá ṣe ń súnmọ́ kíkún ni ó ń lọ́ra sí i, èyí tó gbẹ̀yìn sì máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá fẹ́ ṣe, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń rọra yí, tí alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fi ṣe iná) ò sì tíì lágbára, tí fáànù, páńpù epo àti iná dásíbọ́ọ̀dù ń jẹ nínú ìwọ̀nba tó ń mú wá?

Ẹ wá wo ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Epo tó bá jó máa ń di omi lápá kan. Nígbà tí ẹ́ńjìnì àti sàlẹ́ńsà bá gbóná dáadáa, omi yìí á di ooru, á jáde lọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú sàlẹ́ńsà ló máa jókòó sí, á sì máa jẹ irin. Díẹ̀ á tún bọ́ sínú ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, pẹ̀lú pẹtiróòlù tí kò jó tán. Ẹ ń gbìyànjú láti tọ́jú bátìrì, ẹ wá ń fi ẹ́ńjìnì tó wọ́n jù ú lọ ṣòfò.

Tí ẹ bá fẹ́ tan án, ẹ gbé e jáde. Ìrìn wákàtí kan lójú ọ̀nà, tí ọ́ìlì gbóná dáadáa, ó dára fún ọkọ̀. Àmọ́ ìyẹn náà ò ní kún bátìrì tó ti fà dé ìdajì.

Ṣájà wo ni mo nílò?

Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú, tó mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń ti iná wọlé títí fóltì á fi dé bíi 14.4 sí 14.7. Lẹ́yìn náà á di fóltì yẹn mú, kí bátìrì lè máa mu èyí tó kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá kún tán, á sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 13.6, á sì máa fi ìwọ̀nba tí álààmù ń jẹ kún un. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni ẹ ń sanwó fún.

Ṣájà àtijọ́ tó wúwo, tí kò ní ọpọlọ, kò mọ ìgbà tí bátìrì kún. Á máa sè é lọ ni, omi inú rẹ̀ á gbẹ, àwo rẹ̀ á jẹ. Fún ìdájí kan ó wúlò. Fún oṣù mẹ́ta ó léwu. CTEK àti Battery Tender wà lára orúkọ tí àwọn ọlọ́kọ̀ mọ̀ jù, àwọn kan tó ń ṣe ọkọ̀ spọ́ọ̀tì sì máa ń ta ṣájà ìtọ́jú pẹ̀lú orúkọ tiwọn lára.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá fà yín. Fún ìtọ́jú lásán, ámpíà 0.8 tó. Àmọ́ tí bátìrì 60Ah bá ti fà dé ìdajì, 30Ah ló nílò, 0.8 á lo bíi ọjọ́ méjì, ámpíà 5 á sì ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà, kó tó wá rọra parí rẹ̀. Èmi á mú ámpíà 5, kó lè ṣiṣẹ́ méjèèjì.

Ṣé mo lè fi ṣájà sí i fún oṣù mẹ́fà láìyọ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ irú tí a ṣàlàyé yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Kì í ṣe pé kí ẹ gbàgbé rẹ̀ o. Ẹ máa wò ó lóṣooṣù kan: ṣé iná rẹ̀ ṣì fi hàn pé bátìrì kún? Bátìrì kò gbọdọ̀ gbóná tàbí wú. Ohun tó máa ń já èèyàn kulẹ̀ jù ni iná mànàmáná tó lọ tó sì padà dé. Ṣájà mìíràn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òmíràn á dúró de ẹni tó máa tẹ bọ́tìnnì, á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ dán tiyín wò: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tún fi í padà, ẹ wo ohun tó máa ṣe.

Ẹ gbé ṣájà sí ilẹ̀ tàbí sórí pẹpẹ, kó má wà lábẹ́ aṣọ tí ẹ fi bo ọkọ̀, kó má sì wà lórí àga aláwọ. Ó máa ń gbóná díẹ̀.

Ibo ni kí n so wáyà rẹ̀ mọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí bátìrì wà, torí ọkọ̀ spọ́ọ̀tì fẹ́ràn láti fi í pamọ́. Ti Porsche 911 wà níwájú, níbi tí ẹ̀ ń kó ẹrù sí. Ti Mazda MX-5 àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 1989, wà nínú búùtù. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn àga tàbí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síwájú. Bátìrì tó bá wà nínú búùtù tàbí níbi tí èèyàn ń jókòó sí máa ń ní páìpù kékeré tó ń gbé gáàsì rẹ̀ síta. Tí ẹ bá tú bátìrì yẹn, ẹ rí i pé ẹ dá páìpù náà padà. Háídrójìn ni gáàsì yẹn, tó bá sì ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, iná kékeré lè mú un gbiná.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ọjọ́ pípẹ́ ni wáyà olórùka tí ẹ máa fi bóòtù dè mọ́ orí bátìrì, tí fíúsì wà lára rẹ̀, tí ẹ ó wá fa ẹnu rẹ̀ síta síbi tí ọwọ́ tó. Bí ẹ bá dé, ẹ so ṣájà mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ yọ ọ́. Pósítífù sí pósítífù. Ní ti nẹ́gẹ́tífù, ẹ wo orí bátìrì dáadáa: tí àpótí kékeré kan bá wà lára rẹ̀ tó ń ka iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, ẹ má so ṣájà mọ́ orí bátìrì gan-an. Ara irin ọkọ̀, níbi tí ìwé ọkọ̀ tọ́ka sí, ni kí ẹ so ó mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á wọlé láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ̀, á sì máa rò pé bátìrì ṣì ṣófo.

Ihò tí a fi ń tan sìgá náà lè ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan, kó má ṣiṣẹ́ nínú òmíràn. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tì í pa, ẹ dúró ìdajì wákàtí, kí ẹ wá wò ó bóyá iná ṣì wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ọ̀nà ti dí.

Kò sí iná mànàmáná níbi tí mo pa á sí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi ṣájà kún un pátápátá kí ẹ tó gbé e síbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tú orí nẹ́gẹ́tífù. Bátìrì tó dára, tó kún, tí nǹkan kan ò fà á, lè dúró fún oṣù mẹ́ta láìkú. AGM á tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó lè gbé e wálé láti fi sórí ṣájà lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì ti ṣe ohun tó dára jù.

Sólà kékeré wà, ó sì wúlò níta gbangba tí oòrùn ń kan án tààrà, pẹ̀lú kọ̀ńtírólà láàárín òun àti bátìrì. Lábẹ́ òrùlé, tàbí lẹ́yìn gíláàsì dúdú, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Tí mo bá tú orí bátìrì, kí ni ọkọ̀ máa gbàgbé?

Aago àti rédíò. Rédíò ọkọ̀ mìíràn á béèrè kóòdù, nítorí náà ẹ wá kóòdù yẹn kí ẹ tó mú spánà. Fèrèsé lè nílò kí ẹ gbé e lọ sókè dé òpin kó tún lè mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ́ńjìnì lè máa yí ségesège fún ìrìn díẹ̀ títí tó fi máa tún ara rẹ̀ kọ́. Tí ọkọ̀ bá sì fẹ́ lọ fún àyẹ̀wò èéfín, ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan ná, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti pa àbájáde ìdánwò inú rẹ̀ rẹ́.

Nẹ́gẹ́tífù la máa ń kọ́kọ́ tú, òun náà la máa ń so kẹ́yìn. Tí spánà bá kan ara irin nígbà tí ẹ ń tú pósítífù, tí nẹ́gẹ́tífù sì ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa rí iná tí ẹ ò retí. Álààmù tó ní bátìrì tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ igbe bí ẹ bá tú iná mọ́ ọn lójú nígbà tó ń ṣọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ pa á.

Ó kù ọ̀kan tó ń ko èèyàn lójú: ẹ má ti ìdérí ibi tí bátìrì wà pa tó bá jẹ́ bọ́tìnnì oníná ló ń ṣí i.

Bátìrì tí mo yọ, ṣé kò gbọdọ̀ wà lórí kọnkéré?

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ike ni wọ́n fi ń ṣe àpótí bátìrì báyìí, kọnkéré ò lè fa iná kankan jáde nínú rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tó tutù, tó gbẹ, tí ọmọdé ò dé.

Ibi tí òtútù ti ń mú gan-an ń kọ́?

Bátìrì tó kún fẹ́ràn òtútù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Iná rẹ̀ kì í tètè dín níbẹ̀. Ásíìdì rẹ̀ nípọn, kò sì ní di yìnyín títí dé nǹkan bíi -60°C. Èyí tó ṣófo ni ewu wà lórí rẹ̀. Ásíìdì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi, ó sì lè dì ní bíi -7 sí -10°C. Tó bá dì, àpótí á sán. Ẹ má fi ṣájà sórí bátìrì tó ti dì.

AGM, jẹ́ẹ̀lì, lítíọ́mù: ṣé ṣájà kan náà ni wọ́n ń lò?

Ọlọ́mi àti AGM jọ ń lọ dáadáa lórí ṣájà ìtọ́jú òde òní, bí ẹ bá yan ipò tó tọ́. Jẹ́ẹ̀lì, tí ásíìdì rẹ̀ ki bí ògì, ò fẹ́ fóltì gíga. Ẹ fi í sí ipò tirẹ̀. Ipò àtúnṣe tí àwọn ṣájà kan ní, tó ń gbé fóltì sókè ju 15 lọ, ẹ má lò ó fún AGM tàbí jẹ́ẹ̀lì, ẹ má sì lò ó nígbà tí bátìrì ṣì so mọ́ ọkọ̀.

Lítíọ́mù yàtọ̀ pátápátá. Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ lọ àwọn oníbàárà 911 GT3 àti Boxster Spyder fún ọkọ̀ ọdún 2010. Kò wúwo tó kílò 6, ó sì fi ju kílò 10 fúyẹ́ ju ti òjé lọ. Àmọ́ ó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú. Ṣájà tí ń wá iyọ̀ láti fọ́ lè ṣe é ní jàǹbá, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ lítíọ́mù sí lára ni kí ẹ lò. Fóltì rẹ̀ náà ń tanni jẹ: 12.8 tí AGM fi ń yangàn túmọ̀ sí pé lítíọ́mù ti fẹ́ tán. Ẹ má sì fi iná sí i nígbà tó tutù ju 0°C lọ, àfi tí ẹni tó ṣe é bá ní kò burú.

Bátìrì ti kú pátápátá, ìdérí iwájú ò sì ṣí. Inú ibẹ̀ gan-an ni bátìrì wà!

Ẹ ò dá nìkan wà nínú èyí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Nínú 911 ìran 997, àpótí fíúsì tó wà níbi ẹsẹ̀ ní pósítífù kan tí ẹ lè fà jáde. Ẹ so pósítífù bátìrì mìíràn mọ́ ọn, ẹ so nẹ́gẹ́tífù mọ́ irin ìlẹ̀kùn níbi tí ó ti ń hán, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìdérí. Iná yẹn wà fún ṣíṣí ìdérí nìkan. Ẹ má gbìyànjú láti fi tan ẹ́ńjìnì tàbí láti fi ṣájà síbẹ̀.

Corvette C6 ń fi iná ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ nígbà tí bátìrì kú á rò pé òun há, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ìfà kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Nínú ọkọ̀ tí gíláàsì ìlẹ̀kùn rẹ̀ máa ń sọ̀ díẹ̀ kó tó ṣí, ẹ rọra ṣí i nígbà tí iná ò sí, torí gíláàsì ò ní sọ̀. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ kà á kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ má sì fi ìwé ọ̀hún pamọ́ sábẹ́ ìdérí kan náà (mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀).

Bí ẹ bá ti dé ibi bátìrì, ṣájà ni kí ẹ lò, kì í ṣe jọ́mpù kí ẹ wá máa sáré lọ. Alternator wà láti tọ́jú bátìrì tó kún, kì í ṣe láti jí òkú. Iṣẹ́ yẹn máa ń mú un gbóná jù.

Bátìrì mi tuntun ni, ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì fi ń kú. Ta ló ń jẹ ẹ́?

Ẹ má kàn máa tú orí bátìrì lójoojúmọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ so mítà sáàárín orí nẹ́gẹ́tífù àti wáyà rẹ̀, ní ihò 10A. Ẹ tẹ lọ́ọ̀kì ara àwọn ìlẹ̀kùn bí ẹni pé ìlẹ̀kùn ti pa, kí ẹ lè máa ráyè wọlé láìjí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dúró. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ òde òní lè lo ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó sùn, ohun tí ẹ bá sì kà ṣáájú ìgbà yẹn kò já mọ́ nǹkan. Nígbà tí mítà ṣì wà níbẹ̀, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ sí stáátà. Fíúsì mítà á jó lójú ẹsẹ̀.

Tó bá sùn tán tí ó ṣì ju 50mA lọ dáadáa, ẹ máa yọ fíúsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà á fi já wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fura sí ohun tí wọ́n fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn: rédíò, trákà, kámẹ́rà. Ẹ wo iná búùtù náà. Kọ́kọ́rọ́ tí kì í wọ ihò, tí ẹ fi kọ́ sára ògiri mítà méjì sí ọkọ̀, lè máa jí i ní gbogbo òru. Ẹ gbé e jìnnà.

Ṣájà ní bátìrì kún, àmọ́ ọkọ̀ ò dáhùn.

Fóltì tó dára kì í ṣe agbára. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa ka mítà nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́: tó bá já sísàlẹ̀ 9.6 níbi tí kò tutù, bátìrì ti gbó. Èyí tó bá dúró sí 10.5 láìka wákàtí tó lò lórí ṣájà sí, yàrá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ ti kú, kò sì sí ṣájà tó máa jí i. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ fọ orí bátìrì, ẹ dè é le. Ìdọ̀tí funfun tó wà níbẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ bátìrì rere nù.

Ọkọ̀ mi ní bátìrì ńlá tó ń gbé e rìn. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín. Bátìrì 12V kékeré ṣì wà nínú rẹ̀, òun ló ń ṣí ìlẹ̀kùn, òun ló sì ń jí kọ̀ǹpútà tó máa so bátìrì ńlá mọ́ ọkọ̀. Tó bá kú, bátìrì ńlá lè kún dẹ́múdẹ́mú kí ọkọ̀ má sì mira. Àwọn kan máa ń fi ti ńlá tọ́jú ti kékeré fúnra wọn. Àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí ọkọ̀ bá wà ní títàn tàbí tó bá wà lórí ṣájà. Ìwé ọkọ̀ ló máa sọ èyí tí tiyín jẹ́. Ẹ fi bátìrì ńlá sílẹ̀ ní bíi ìdajì, kó má kún tán, kó má sì ṣófo. Ti 12V ni kó kún ní gbogbo ìgbà.